Ilé Àdúrà Inú Pálọ̀ Mi

Mo ń sá aṣọ sórí okùn níwájú ilé nígbà tí mo rí ọkùnrin kan tó ń ti táyà kékeré kan bọ̀ lójú títì. Táyà náà kò tóbi ju àwo oúnjẹ lọ, igi gígùn kan ló fi dì í mú, bó bá sì ti yí lẹ́ẹ̀kan, á dún "tákì." Mo rò pé nǹkan ìṣeré ọmọ rẹ̀ ló ń gbé lọ sílé. Mo kí i. Ó mi orí sí mi, àmọ́ kò gbójú sókè, ó ṣáà ń bọ̀, tákì, tákì, títí ó fi dé ibi tí mo dúró sí.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀."

Mo sún. Ó ti táyà rẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi, ó wo ohun tó wà lára igi náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé.

"Mọ́kànlélógójì," ló wí.

"Kí ló jẹ́ mọ́kànlélógójì?"

"Mítà ni, Mama. Láti ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ tó wà lọ́hùn-ún yẹn dé ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. "Ilé àdúrà wo?"

Ó wo ìwé rẹ̀, ó wo nọ́ńbà tó wà lára ògiri mi, ó wá wo èmi alára. "Èyí," ló wí.

Mo ya ẹnu láti rẹ́rìn-ín. Ibi tí mo ya ẹnu sí ni mo ti rántí. Nígbà tí mo sì rántí tán, ẹnu náà kò mọ bó ṣe máa padé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ilé oúnjẹ tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ọmọ mi obìnrin ló ni ín. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń dáná ní òtẹ́ẹ̀lì fún ọ̀gá tí kò tíì sọ "o ṣeun" rí. Lọ́dún yìí ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, tó gba ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò wa: tábìlì mẹ́jọ, fèrèsé ńlá kan, àti ilé ìdáná tó mọ́ ju yàrá mi lọ. Oúnjẹ rẹ̀ dùn. Kì í ṣe torí pé èmi ni mo bí i. Kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi, èmi tó jẹ́ pé omi gbígbóná nìkan ni mo lè gbé kaná kó má jóná, òun náà sì ní ọjọ́ tó jóná. Àmọ́ bí àwọn èèyàn bá ti jókòó, wọ́n á béèrè bíà tàbí wáìnì. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé kò sí, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì rántí pé àwọn ní ibi tí àwọn ń lọ.

Ló bá kọ̀wé sí káńsù fún ìwé àṣẹ ọtí. Káńsù lẹ ìwé yẹ́lò kan mọ́ fèrèsé rẹ̀ fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, pé kí ẹni tó bá ní ohun tó lòdì sí i wá wí. Kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan. Ohun tó kù kò ju ọkùnrin onítáyà yìí lọ, torí òfin káńsù ni pé wọn kò gbọdọ̀ ta ọtí ní ibi tí kò tó ọgọ́rùn-ún mítà sí ilé ìwé, ilé ìwòsàn tàbí ilé àdúrà.

Mo mọ òfin náà dáadáa. Èmi ni mo ti lò ó rí.

Ọdún kejìlá rèé tí ọkùnrin kan fẹ́ ṣí ilé ọtí sábẹ́ fèrèsé yàrá mi. Nígbà yẹn, àwa obìnrin márùn-ún máa ń pàdé ní pálọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́rú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó sì gbàdúrà. Àdúrà gidi ni, mi ò purọ́. Ẹkún máa ń wà níbẹ̀. Mo lọ sí káńsù, mo gba fọ́ọ̀mù, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ilé àdúrà ni pálọ̀ mi. Níbi tí wọ́n ti ní kí n ṣàlàyé irú ìjọsìn tí a ń ṣe, mo kọ ọ́ pé: "A máa ń jókòó pọ̀, a máa ń dúpẹ́." Káńsù fún mi ní nọ́ńbà, wọ́n lé ọkùnrin ọlọ́tí lọ. Lọ́jọ́ yẹn mo jó láti ẹnu géètì dé ilé ìdáná, ìbàdí sì fi ọ̀sẹ̀ kan bá mi wíjọ́.

Àtìgbà náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Ìyá Àdúrà. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá ń kọjá, àwọn tó ń bú ara wọn á rọra dákẹ́ títí n ó fi kọjá tán. Alápatà kì í fi egungun sí ẹran mi.

Mo fi aṣọ sílẹ̀ lórí okùn, mo gba ọ̀dọ̀ ọmọ mi lọ. Ó ń gé àlùbọ́sà.

"Màámi, ẹ káàbọ̀. Ẹ rí ọkùnrin káńsù?"

"Mo rí i."

"Ó dára. Mo ti fi ẹsẹ̀ wọn ti ilé ìwé, ó lé ní igba mítà. Kò sí wàhálà."

"Kò wọn ti ilé ìwé. Ilé mi ló wọ̀n ọ́n dé."

"Ilé yín? Kí ló wà nílé yín?"

"Ilé àdúrà."

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo kíyè sí i pé ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn.

"Màámi, èyí tí ẹ fi lé ọlọ́tí ọjọ́sí? Ó ṣì wà?"

"Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà níwèé."

"Ṣebí ẹ kì í gbàdúrà níbẹ̀ mọ́!"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Màámi, èmi ni mo máa ń wá bá yín kó ìgò."

Mo jókòó. Ó jókòó tì mí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mi ò mọ̀ bóyá àlùbọ́sà ni.

"Lọ́sẹ̀ méjì òní ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi," ló wí. "Bí wọ́n bá kọ̀, ọdún méjì gbáko kí n tó lè kọ ìwé míì. Mi ò ní ọdún méjì, Màámi. Bí a ṣe ń wo ara wa yìí, n kò ní oṣù méjì. Òtẹ́ẹ̀lì ni n ó padà sí, bí wọ́n bá gbà mí. Ẹ bá mi lọ pa ilé àdúrà yín rẹ́."

Òótọ́ ló sọ nípa ìgò. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú àwa márùn-ún, méjì ti kú. Lẹ́yìn ìsìnkú èkejì, àwa mẹ́ta tó kù jókòó ní pálọ̀. Ọ̀kan nínú wa, Nọ́ọ̀sì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì fẹ̀yìn tì nínú pípàṣẹ, yọ ìgò sítáótù mẹ́ta nínú báàgì. Ó ní ìtọ́jú ni. A dà á sínú ife tíì kí ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé má bàa ṣèèṣì lóye. Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, a kọ orin méjì, a mu ìtọ́jú. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, orin kan. Nígbà tó yá, lúdò dé. Ó ti pé ọdún mẹ́rin.

Mo lọ sí káńsù lọ́jọ́ kejì. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní ihò róbótó kan tó ń gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ihò náà sì wà nísàlẹ̀ débi pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ nǹkan gbọ́dọ̀ tẹrí ba.

"Ẹ fẹ́ yọ ilé àdúrà kúrò nínú ìwé," ló wí. "Ṣé ilé náà wó ni?"

"Kò wó."

"Ṣé àwọn olùjọsìn ti kú tán ni?"

"Ó ku mẹ́ta."

"Mama, méjì ti tó. Ilé àdúrà ṣì ni."

"A kì í gbàdúrà níbẹ̀ mọ́, ọmọ mi."

"Ta ló lè jẹ́rìí sí i?"

"Èmi."

"Kí ni wọ́n ń pè yín ládùúgbò?"

Kí n tó dáhùn, ọkùnrin kan tó tò sẹ́yìn mi ràn mí lọ́wọ́. "Ìyá Àdúrà ni!" ló kígbe. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní àfi kí n wá síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi, kí n wá búra.

"Kí n wá búra pé n kì í gbàdúrà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Kí ẹ sì mú káàdì yín dání."

Ní ọjọ́rú, mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì. Nọ́ọ̀sì kò bá mi jà. Aránṣọ, tó jẹ́ ẹnì kẹta wa, ló gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọkọ mi ńkọ́?" ló wí. "Ọkọ mi ló ń fi mọ́tò gbé mi wá. Ó máa ń ní kí n má gbàgbé òun nínú àdúrà."

"Ṣé o máa ń rántí ẹ̀?" Nọ́ọ̀sì bi í.

"Bí ìgò bá ti ń lọ sísàlẹ̀, mo máa ń rántí ẹ̀."

"O ò nílò láti bá mi dé káńsù," mo wí. "Èmi nìkan ni n ó lọ. N ó sọ fún wọn pé lúdò la máa ń ta. Lúdò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. N kò ní dárúkọ ìgò rárá."

"Búra," ni Aránṣọ wí.

"Mo ti ní ìbúra kan nílẹ̀ tí mo fẹ́ lọ búra. Jẹ́ kí n fi ẹnu mi sinmi."

Ọjọ́ náà pé. Yàrá ìgbìmọ̀ kò ju kíláàsì ilé ìwé lọ. Ó ní tábìlì gígùn kan, àga onírin, àti fáànù tó ń yí ojú sí ẹni tí kò nílò rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì. Alága ń fọn imú sínú áńkáṣíìfù funfun. Obìnrin onígíláàsì kan ń ka gbogbo ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún ń yí i padà láti wo ẹ̀yìn. Ẹnì kẹta jẹ́ ọkùnrin tó ń jẹ bisikíìtì, tí kò sì sọ nǹkan kan títí a fi lọ.

Ẹni tó ṣáájú wa jẹ́ onígbàjámọ̀ tó fẹ́ máa fún àwọn tó ń dúró de irun gígẹ̀ ní bíà.

"Ìwọ tó ń gẹ irun," ni obìnrin onígíláàsì bi í, "ìwọ náà á máa mu ún?"

"Ìyá mi, díẹ̀ ni."

Gbogbo wọn wo orí rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló gẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọ̀ fún un.

Ló bá kan ọmọ mi. Ó dìde. Aṣọ funfun tó fi ń dáná ló wọ̀, ó ti lọ̀ ọ́ débi pé ó lè dá dúró. Alága ka ìwé: kò sẹ́ni tó tako ó, ilé ìdáná mọ́, ìwà dára, àmọ́ ilé àdúrà kan wà ní mítà mọ́kànlélógójì. Ó ní ẹnì kan wà níbí láti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Mo dìde, mo búra. 

"Mama, ìgbà wo lẹ gbàdúrà kẹ́yìn níbẹ̀?" ni alága bi mí.

"Ó ti tó ọdún mẹ́rin, sà."

"Ṣé ẹ ṣì ń pàdé?"

"Gbogbo ọjọ́rú."

"Kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa ń ta lúdò."

Obìnrin onígíláàsì yí ìwé kan padà. Mo mọ ìwé náà. Ọwọ́ mi ló wà lára rẹ̀.

"Ohun tí ẹ kọ rèé: 'A máa ń jókòó pọ̀, a máa ń dúpẹ́.' Ẹ ò kọ orin síbẹ̀, ẹ ò kọ ìwàásù. Ṣé ẹ kì í jókòó pọ̀ mọ́?"

"A ń jókòó pọ̀, mà."

"Ṣé ẹ kì í dúpẹ́ mọ́?"

Mo ronú. Ìbúra wà lọ́rùn mi. "A ń dúpẹ́," mo wí.

"Ìyẹn ni pé ìjọsìn tí ẹ kọ sílẹ̀ gan-an lẹ ṣì ń ṣe. Lúdò ò dí ìyẹn lọ́wọ́." Ó yíjú sí alága. "Mi ò rí ìdí tí a fi máa yọ ọ́."

Alága fọn imú, ó fa ìwé ọmọ mi sún mọ́ ara rẹ̀. Mo rí bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ọmọ mi. Kò wò mí. Iwájú ló ń wò, bí ẹni tó ti ń ka iye ẹyin tí òtẹ́ẹ̀lì máa dín láàárọ̀ ọ̀la. Bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa pe èèyàn ní Ìyá Àdúrà dùn o. Ó dùn gan-an.

"Ẹ dúró," mo wí. "Ẹ bi mí ohun tí a ń dúpẹ́ fún."

"Kí lẹ ń dúpẹ́ fún, Mama?"

"Sítáótù."

Fáànù yíjú sí mi.

"Ẹ ní?"

"Sítáótù, sà. Dúdú yẹn. A máa ń dà á sínú ife tíì. Bí ẹnì kan bá ṣí ìgò tí kò hó dànù, a máa ń dúpẹ́. N kò rò pé ọ̀run ń gbọ́ irú ọpẹ́ yẹn."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Onígbàjámọ̀ ni, kò tíì lọ sílé. Alága fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, n kò sì mọ̀ bóyá torí imú ni. Obìnrin onígíláàsì nìkan ni ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Ta ló ń ra ọtí náà?"

"Gbogbo wa. A máa ń ju owó sínú apẹ̀rẹ̀."

"Apẹ̀rẹ̀ wo?"

Mo ti dé ibẹ̀, kò sí ọ̀nà ẹ̀yìn. "Apẹ̀rẹ̀ ọrẹ," mo wí.

Ọkùnrin tó ń jẹ bisikíìtì dá ẹnu dúró. Obìnrin náà ṣí ìwé òfin, ó fi ìka wá ibì kan, ó kà á fún ara rẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn. Ó ní ibi tí èèyàn bá ti ń dá owó fún ọtí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń mu ún níbẹ̀, nílò ìwé àṣẹ. Ó ní láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kì í ṣe ilé àdúrà ló wà ní mítà mọ́kànlélógójì sí ilé oúnjẹ, ilé ọtí tí kò gbàṣẹ ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo wí.

"Ṣé òfin kan wà pé kí ilé ọtí jìnnà sí ilé ọtí?" ni alága bi í.

Ó wá a. Kò sí.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ọmọ mi níbẹ̀. Wọ́n yọ ilé àdúrà mi kúrò nínú ìwé káńsù. Wọ́n ní kí èmi yáa dáwọ́ dúró kí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tó pé, tàbí kí n gba fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà ni alága ka àwọn ohun tí ọmọ mi kò gbọdọ̀ ṣe: kò gbọdọ̀ ta ọtí fún ọmọdé, orin kò gbọdọ̀ jáde sí títì. Ó ti fẹ́ pa ìwé dé nígbà tí obìnrin onígíláàsì ní kó dúró, ó fi bírò kọ ọ̀kan kún un. Alága kà á bó ṣe rí: ilé àdúrà èyíkéyìí kò gbọdọ̀ kó wọ inú ilé oúnjẹ náà.

Lọ́nà ilé, èmi àti ọmọ mi rìn dé kọ́nà. Ibẹ̀ ló ti dì mọ́ mi lójú títì, aṣọ tó ti lọ̀ náà sì rún. "Màámi," ló wí, "apẹ̀rẹ̀ ọrẹ?" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rín, a rín débi pé mo ní láti di òpó iná mú.

Ìròyìn ti ṣáájú mi délé; onígbàjámọ̀ ní oníbàárà púpọ̀. Nígbà tí mo ra ẹran lọ́jọ́ kejì, alápatà kí mi dáadáa. Mo tú ẹran náà nígbà tí mo dé ilé. Egungun mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo gbé wọn fún ọmọ mi, ó ní wọ́n dára fún omi ọbẹ̀.

Ní ọjọ́rú, a jókòó sí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé ńlá rẹ̀. Mẹ́fà nínú tábìlì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ní èèyàn, kò sì sẹ́ni tó rántí ibi tó ń lọ. Ọkọ Aránṣọ gbé e dé ilé mi bó ṣe máa ń ṣe, ó rí i pé mo ti ti ilẹ̀kùn, ló bá ń fi mọ́tò rọra tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Aránṣọ wọlé tòun ti ìwé orin lábẹ́ apá, ojú rẹ̀ bí ojú ẹni tó fẹ́ kú. Ọkọ náà sọ̀kalẹ̀, ó fa àga.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀," ló wí. "Ẹni tó ń ti àdúrà bọ̀ kì í ní kí n dúró kó ra súìtì mínítì tó ń pa òórùn ẹnu kó tó wọ mọ́tò. Ẹ bu tèmi wá."

Ọmọ mi gbé sítáótù mẹ́rin wá. Inú ife tíì ló bù wọ́n sí, ó ní òun kò fẹ́ kí ara wa bù máṣọ bí a bá rí i nínú ife míì. Aránṣọ gbé tirẹ̀ sókè, ó fa díẹ̀, ó di ojú, ó mí kanlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Lajú! Ṣé o fẹ́ kí káńsù gba ìwé ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Aránṣọ la ojú. A ń wo ara wa lójú kòrókòró, a sì mu ún bẹ́ẹ̀ títí ó fi tán.